Ìtàn Ìgbésí Ayé Edward Appleton, Ẹni Tí Ó Wọn Àjà Ojú Ọ̀run

Bí o bá ń gbé ní Awẹ́, tàbí ní Fìdítì, tàbí ní Ìlọrà, mo fẹ́ kí o ṣe ohun kékeré kan kí o tó ka àròkọ yìí tán. Wá rédíò kan, irú èyí tí àwọn bàbá wa máa ń gbé sétí nígbà tí wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi. Yí i sí ibi tí wọ́n kọ AM sí. Gbọ́ ọ ní ọ̀sán gangan, kí o sì tún gbọ́ ọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ní ọ̀sán, ìwọ̀nba ohùn àwọn tí kò jìnnà sí wa ni ìwọ yóò gbọ́, bí o bá tilẹ̀ gbọ́ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àlejò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ìwọ yóò máa gbọ́ Haúsá, ìwọ yóò máa gbọ́ Faransé, bóyá èdè Lárúbáwá pẹ̀lú. Ohùn náà yóò ròkè, yóò sì tún rodò, bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á sókè tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àwọn òbí wa mọ èyí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé alẹ́ ni rédíò máa ń mú ohùn ọ̀nà jíjìn wá. Ṣùgbọ́n kí ni ó fà á? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbọ́ ohùn tí ń ròkè tí ó ń rodò yìí, tí wọ́n bínú, tí wọ́n gbá rédíò wọn létí, tí wọ́n sì lọ sùn. Ẹnì kan wà tí kò lọ sùn. Òun ni Edward Appleton, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ fún ọ.

A bí Edward Victor Appleton ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 1892, ní ìlú Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Peter ni orúkọ bàbá rẹ̀, Mary sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Bí a ti mọ Ìsẹ́yìn fún aṣọ òkè, bẹ́ẹ̀ ni a mọ Bradford nígbà náà fún irun àgùntàn àti aṣọ híhun. Bàbá Appleton kì í ṣe olówó. Òṣìṣẹ́ ni ní ilé ìkẹ́rùsí. Kò sí ẹni tí ó wo ọmọ tí a bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí yóò sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì yóò fi í jẹ oyè.

Ohun tí ọmọ náà ní ni orí pípé àti ìfaradà. Ilé-ẹ̀kọ́ Hanson ní Bradford ni ó lọ. Ó mọ ìwé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba sìkọ́láṣípù, ní ọdún 1911 ó sì wọ St John's College ní Yunifásítì Cambridge. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni ó kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò ní ọdún 1913 àti ní ọdún 1914, ipò kìíní ni ó wà nígbà méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá onímọ̀ ibẹ̀, ọ̀nà sì dàbí ẹni pé ó ti là fún un.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ń rò, Ọlọ́run ń pa á dà. Ní ọdún 1914 kan náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Appleton fi ìwé sílẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé e lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun onímọ̀ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni ó sì ti di ọ̀gágun tí ń mójú tó iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì. Wáyálẹ́ẹ̀sì ni à ń pe rédíò nígbà náà, nítorí pé kò ní okùn. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò ní làákàyè. Bí ó bá wù ú a gbọ́ ọ̀rọ̀, bí kò bá wù ú a kì í gbọ́. Bí ogun ti mú Appleton kúrò nídìí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ogun náà fi iṣẹ́ tí yóò ṣe títí dọjọ́ alẹ́ rẹ̀ hàn án. Ní àkókò ogun yìí, ní ọdún 1915, ni ó fẹ́ Jessie, aya rẹ̀, tí ó bí ọmọbìnrin méjì fún un.

Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Cambridge. Ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ lérò pé bí ènìyàn bá ti gba oyè yunifásítì tán, ẹ̀kọ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóde òní, lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá ni oyè àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni oyè kejì, lẹ́yìn rẹ̀ ni oyè dókítà. Lẹ́yìn oyè dókítà pàápàá, ipò kan tún wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí. A ó fún un ní yàrá iṣẹ́, a ó fún un ní owó oṣù tí kò pọ̀ àti ọ̀gá tí yóò máa bi í léèrè, a ó sì ní kí ó lọ wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ̀. Ó dàbí ọmọ iṣẹ́ tí ó ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n tí ó dúró ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan sí i kí ọwọ́ rẹ̀ lè jáfáfá. Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni Appleton wà láti ọdún 1920. Wọ́n fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá ìwádìí Cavendish, níbi tí Rutherford, ògbóǹtarìgì onímọ̀, ti jẹ́ olórí. Ipò náà kò ga, ṣùgbọ́n ó fún un láyè láti ronú.

Kí ni ó ń rò? Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìṣòro náà fún ọ. Ìgbì rédíò jọ ìmọ́lẹ̀ ní ti pé tààrà ni ó máa ń lọ. Ayé sì rí róbótó. Bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì ní Awẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ̀ kọrọdọ kí ó lọ bá ẹni tí ó wà ní Améríkà. Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 1901, Marconi fi àmì rédíò ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá òkun Atlantic, wọ́n sì gbọ́ ọ ní Newfoundland. Báwo ni ó ṣe débẹ̀? Ní ọdún 1902, Kennelly ní Améríkà àti Heaviside ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lábàá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà lókè réré tí ó dàbí àjà ilé, tí ìgbì rédíò ń kọlù tí ó sì ń ta padà wá sílẹ̀. Àbá dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àbá kì í ṣe ẹ̀rí. Fún ọdún méjìlélógún, kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀rí tí ó dájú hàn pé àjà náà wà, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí ó ti ga tó. Àwọn onímọ̀ mìíràn tilẹ̀ ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀.

Ní ọdún 1922 ni BBC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Appleton jókòó sí Cambridge, ó ń fi ẹ̀rọ wọn bí ohùn tí ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti lágbára tó. Ó rí i pé ní ọ̀sán, ohùn náà dúró sójú kan. Ní alẹ́, ó ń ròkè, ó ń rodò. Ohun tí àwọn bàbá wa ń gbọ́ lábẹ́ igi gan-an ni òun náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn yòókù kò bi ara wọn. Bóyá ìgbì méjì ni ó ń dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀kan gba ilẹ̀ wá, èkejì gba òkè wá.

Fojú inú wo ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó rì sínú ẹrẹ̀ ní ọ̀nà oko Ìlọrà. Bí ènìyàn méjì bá jọ tì í lẹ́ẹ̀kan náà, yóò yí. Bí ọ̀kan bá ń tì í tí èkejì ń fà á padà, ojú kan ni yóò wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì méjì ṣe ń ṣe. Bí wọ́n bá jọ dé pọ̀, ohùn á ròkè. Bí ọ̀kan bá ń lọ sókè nígbà tí èkejì ń lọ sílẹ̀, ohùn á rodò. Appleton rò ó pé bí a bá yí bátànì ìgbì náà padà díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń rán an, ohùn yóò máa ròkè yóò máa rodò létòlétò. Ẹni tí ó bá ka iye ìgbà tí ó ròkè yóò lè ṣírò bí ọ̀nà òkè ti fi gùn ju ọ̀nà ilẹ̀ lọ. Bí ó bá sì ti mọ èyí, ó ti mọ bí àjà náà ti ga tó.

Ó rọrùn láti rò ó, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe é. Ó nílò ẹ̀rọ ńlá tí ń fọ́n ohùn ká, kò sì ní irú rẹ̀. BBC gbà láti yá a ní ti Bournemouth, ṣùgbọ́n ó di ọ̀gànjọ́ òru, lẹ́yìn tí ètò bá ti parí fún àwọn olùgbọ́. Ẹ̀rọ agbohùn rẹ̀ wà ní Oxford. Láti Bournemouth dé Oxford tó nǹkan bí 120 kìlómítà, ó ju ìlọ́po méjì ọ̀nà Awẹ́ sí Ìbàdàn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Miles Barnett, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ní òru ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1924, nínú òtútù, nígbà tí gbogbo ayé ti sùn, wọ́n ń yí bátànì ìgbì náà padà díẹ̀díẹ̀ ní Bournemouth, wọ́n sì ń kà ní Oxford.

Bí àbá Kennelly àti Heaviside bá jẹ́ irọ́, ohùn náà yóò dúró sójú kan, iṣẹ́ wọn yóò sì já sófo. Kò dúró sójú kan. Ó ròkè, ó rodò, ó tún ròkè, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti wí. Àjà náà wà. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Bí ó bá ṣeé ṣe láti gbé ọ̀nà Awẹ́ sí Ìbàdàn nàró ṣánṣán, kí a sì tún fi irú rẹ̀ kan lé e lórí, ibẹ̀ ni ìwọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ní ọdún 1925 tí wọ́n tẹ àbájáde náà jáde, orúkọ Barnett wà lára rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ṣàkíyèsí èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó ń jẹ iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ọdún 1924 kan náà ni wọ́n ti fi Appleton ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní King's College ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n péré ni. Ó lè sinmi bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò sinmi. Nígbà tí ó tẹ̀ síwájú, ó rí i pé àwọn ìgbì kan wà tí wọ́n ń la àjà àkọ́kọ́ kọjá lọ, síbẹ̀ tí wọ́n ń padà wá. Èyí túmọ̀ sí pé àjà mìíràn wà lókè rẹ̀, ní nǹkan bí 230 kìlómítà. Àjà kejì yìí ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Nígbà tí ó fẹ́ fi lẹ́tà sàmì sí wọn, ó pe ti ìsàlẹ̀ ní E, ó pe ti òkè ní F. Kò bẹ̀rẹ̀ láti A, nítorí ó rò pé bóyá àwọn ẹlòmíràn yóò rí òmíràn nísàlẹ̀ tàbí lókè. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò tí ì mọ gbogbo rẹ̀ tán ni ó ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nísinsìnyí, ìwọ náà lè dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ni ó ń ṣe àwọn àjà wọ̀nyí. Ìtànṣán rẹ̀ ń já èérún kúrò lára afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tí ó wà lókè, afẹ́fẹ́ náà á sì máa gbé iná mànàmáná. Ní ọ̀sán, apá ìsàlẹ̀ pátápátá, tí à ń pè ní D, máa ń fa ìgbì AM mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń fa omi, kò ní jẹ́ kí ó dé ibi tí yóò ti ta padà. Bí oòrùn bá ti wọ̀, D á pòórá. Ìgbì á wá rí ọ̀nà gòkè, á kọlu àjà, á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú rédíò rẹ ní Awẹ́. Gbogbo àjà wọ̀nyí lápapọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ionosphere.

Ní ọdún 1936, Appleton padà sí Cambridge gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọdún 1939, ìjọba pè é láti wá ṣe akọ̀wé àgbà ní ẹ̀ka tí ń mójú tó ìwádìí sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́. Ó wà nídìí iṣẹ́ yìí jálẹ̀ Ogun Àgbáyé Kejì, títí di ọdún 1949. Ọgbọ́n pé ìgbì rédíò máa ń ta padà ni àwọn mìíràn fi ṣe rédà, ẹ̀rọ tí ó ń rí ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọ̀tá láti òkèèrè. Ọba fi í jẹ oyè Sir ní ọdún 1941. Ní ọdún 1947, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Ọmọ òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ti gun orí òkè.

Kí ni èyí kàn wá sí? Ó kàn wá gidigidi. Ní ọdún 1946, nígbà tí Appleton kó àkọsílẹ̀ láti oríṣìíríṣìí ibùdó káàkiri ayé jọ, ó rí ohun ìyanu kan. Ènìyàn á rò pé níbi tí oòrùn ti mú jù ni àjà òkè yóò ti nípọn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ìlà kan tí ó yí ayé po, níbi tí agbára òòfà ilẹ̀ ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ, àjà náà fẹ́lẹ́ ju bí ó ti rí ní ìhà méjèèjì rẹ̀ lọ. Ìlà náà gba àríwá ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá. Nítorí náà, ojú ọ̀run tí ó wà lókè orí wa níhìn-ín kì í ṣe ojú ọ̀run lásán. Àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò lè jókòó sí ilé wọn kí wọ́n mọ̀ ọ́n tán.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1950, ní Yunifásítì Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, àwọn onímọ̀ físíìsì gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí ń ta ìgbì rédíò sókè tààrà, tí ó sì ń ka àkókò tí yóò fi padà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé fi ohùn ṣọ̀kan láti wo ilẹ̀ àti òfuurufú papọ̀, láti oṣù Keje ọdún 1957 títí dé oṣù Kejìlá ọdún 1958, Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó kópa. Awẹ́ àti Ìbàdàn kò jìnnà síra wọn. Ojú ọ̀run kan náà ni ó bo àwa àti wọn.

Iṣẹ́ náà kò sì tí ì parí. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, àjà òkè tí ó wà ní agbègbè wa máa ń dàrú nígbà mìíràn, ó máa ń dá ihò sínú ara rẹ̀, á sì máa da àmì tí ń bọ̀ láti orí sátẹ́láìtì láàmú. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí yóò ti rí ní alẹ́ ọ̀la ní láti wà níbi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ta ni yóò ṣe é? Bí àwọn ọmọ wa bá gba oyè dókítà tán tí wọn kò rí ipò ìwádìí irú èyí tí Appleton rí ní ọdún 1920, àlejò ni yóò máa sọ bí òrùlé wa ti rí fún wa.

Ní ọdún 1949, Appleton di olórí Yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland. Nídìí iṣẹ́ yìí ni ó wà tí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin ọdún 1965, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ihò ńlá kan lójú òṣùpá, ilé ìwádìí pàtàkì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ti Rutherford, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí o bá wọ yàrá ìdánwò, tí wọ́n ní kí o kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni tí ó ti kú, má ṣe to ọjọ́ ìbí, ọjọ́ oyè àti ọjọ́ ikú jọ bí ẹni ń to ìgbá. Wá ìbéèrè tí ẹni náà fi ayé rẹ̀ dáhùn, kí o sì jẹ́ kí olùkàwé rí ìdí tí ìbéèrè náà fi ṣòro. Ohun tí a rí kọ́ lára Appleton kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, ipò tí a ti bí ènìyàn kọ́ ni ó ń sọ ibi tí yóò dé. Èkejì, àbá tí ó dùn létí kì í ṣe òtítọ́ títí a ó fi dán an wò. Ẹ̀kẹta, ohun tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń fojú fò lè jẹ́ ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó bá dúró bi í léèrè. Nítorí náà, bí rédíò bá ń ròkè tí ó ń rodò létí rẹ lálẹ́ òní, má ṣe gbá a létí. Fetí sí i.